Kọfí Ìyàmoyè dé ọwọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí yíyan, mímu àti títà rẹ̀

Àjọkẹ́ Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ìyá ọkọ mi dé láti Ìyàmoyè, nílẹ̀ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi, lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì gbé àpò kan kalẹ̀ fún mi. Mo rò pé ẹ̀wà ni. Ìgbà tí mo tú ẹnu rẹ̀ ni mo rí i pé kọfí ni, hóró tútù tí wọn kò tíì yan. Àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú bí mo ṣe rò, ó dà bí ewé tó ń gbẹ lọ. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kílò 12. Oko bàbá ọkọ mi ni wọ́n ti ká a. Oko náà ti di igbó tipẹ́, àbúrò ọkọ mi ló padà lọ ṣán an lọ́dún méjì sẹ́yìn. Màmá ní, "Ìyàwó, ìwọ lo ń ta tíì, wò ó bóyá o lè rí nǹkan fi ṣe."

Mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Bódìjà tí mo ti ń ta tíì, búrẹ́dì àti ẹyin. Kọfí ẹlẹ́bú inú agolo, tí a ń pò mọ́ omi gbígbóná, ni àwọn oníbàárà mi mọ̀, òun náà ni èmi mọ̀. N kò tíì yan kọfí rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ inú àpò yẹn, tí mo rántí pé bàbá tó gbin igi náà ti lọ kí n tó wọlé wọn, mi ò fẹ́ fi ṣòfò rárá.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: gáàsì àti àgbada ni mo ní, mi ò ní ẹ̀rọ, ṣé wọ́n tó? Àwọn hóró kan ní ihò wínníwínní bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ṣé kí n kó wọn dànù? Mẹ́rin tàbí márùn-ún tún wà tó fi ìlọ́po méjì tóbi ju àwọn yòókù lọ. Àti pé, ṣé mo lè kọ "Kọfí Ìyàmoyè" sára ọ̀rá kí n sì tà á, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí?

Ayankọfí Ìkẹjà

Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá iná. Ṣíṣà ló ṣáájú yíyan.

Ẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀ sórí atẹ, ibi tí oòrùn ti ń wọlé, kí ẹ máa ṣà á bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó dúdú biribiri, ẹ yọ ọ́. Èyí tó fọ́, ẹ yọ ọ́, nítorí ó máa jóná kí odindi tó pọ́n. Èyí tó ní ihò abẹ́rẹ́ yẹn, kòkòrò ló wọ inú rẹ̀: kòkòrò dúdú kékeré kan ni, èyí tó jẹ́ abo nínú wọn á dá èso lu láti orí igi, á sì yé ẹyin sínú hóró gan-an. Ihò kan ṣoṣo lára hóró kò ní pa ènìyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀, kọfí náà á máa ní ìtọ́wò eruku. Ẹ fi imú sún mọ́ àpò náà pẹ̀lú. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn bíbu, bíi ti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, ẹ sọ fún wa kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ohun kan tí mo ti fi ojú ara mi rí: hóró kan ṣoṣo tó ti jẹrà nínú èso rẹ̀ lè ba gbogbo ife jẹ́. Mo ti da odindi ìkòkò kọfí nù nítorí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣàánú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi eyín bu hóró kan. Tí eyín bá wọlé bí ìgbà tí a bu ẹ̀pà tútù, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tún un sá. Tó bá le tó ń kọ eyín, ó ti gbẹ tó. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú rẹ̀ máa ń fẹ́ kó wà láàrin 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ Ìjùmú

Okun o, ìyàwó wa. Inú mi dùn nígbà tí mo rí orúkọ Ìyàmoyè níbí. Kọfí ni bàbá tèmi náà fi rán wa níléèwé.

Kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé yín, nítorí ẹnìkan á bi yín nísọ̀. Irú igi kọfí yàtọ̀ síra: Robusta ni irú tiwa, kì í ṣe Arabica. Ẹ yí hóró náà sójú ibi tó tẹ́jú, kí ẹ wo ìlà tó là á láàrin. Ti Arabica gùn, ìlà rẹ̀ sì máa ń wọ́ bí ejò. Tiwa rí roboto, ìlà rẹ̀ lọ tààrà. Arabica ń fẹ́ ibi gíga tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Ilẹ̀ Kàbà àti Ìjùmú kò ga tó bẹ́ẹ̀, Robusta ni ilẹ̀ wa gbà, ó sì gbà á dáadáa. Ní ti àwọn ńlá mẹ́rin yẹn, ó jọ pé Liberica, irú kọfí míràn, ni. Ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Liberica ti ṣẹ̀, igi rẹ̀ máa ń ga fíofío, àwọn àgbà wa sì gbin díẹ̀díẹ̀ mọ́ tiwọn nígbà kan. Ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀, iná tí wọ́n ń fẹ́ kò bá ti àwọn kékeré dọ́gba.

Ẹ bi àbúrò ọkọ yín ní ìbéèrè méjì, nítorí níbẹ̀ ni adùn tàbí ìbàjẹ́ kọfí yìí wà, ju inú àgbada lọ. Àkọ́kọ́: báwo ló ṣe ká a? Láti ìgbà tí òdòdó bá ti tàn títí èso yóò fi pọ́n, Robusta á lo oṣù 9 sí 11, gbogbo èso orí ẹ̀ka kan kì í sì í pọ́n pa pọ̀. Àwọn bàbá wa máa ń fi ọwọ́ fa ẹ̀ka láti òkè dé ilẹ̀ ni, tútù, pípọ́n, gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú agbọ̀n. Wọn kò jẹ̀bi. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí pípọ́n àti àìpọ́n. Ṣùgbọ́n èso tútù ló ń mú kí kọfí gbẹnu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì gbó.

Ìkejì: ibo ló sá a sí? Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo gbé àpò mẹ́ta lọ fún oníbàárà kan ní Èkó. Ó pọn ọ́n níṣojú mi, ó bu ún sẹ́nu, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní òórùn ọ̀dà títì lòun ń gbọ́. Inú bí mi. Mo gbé àpò mi padà sínú ọkọ̀. Àárín ọ̀nà ni mo ti rántí pé etí títì la sá a sí, lórí ọ̀dà gbígbóná, níbi tí mọ́tò ti ń kọjá tọ̀sán tòru. Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà, a kan igi mọ́ra bíi bẹ́ẹ̀dì, a ta nẹ́ẹ̀tì lé e lórí, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. À ń rò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, a sì ń fi tàpólì bò ó lálẹ́ kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà míràn. Bí a bá gbọn èso kan létí tí hóró inú rẹ̀ ń dún ṣakaṣaka, ó ti gbẹ nìyẹn.

Ìyá Adúbí

Ọmọ mi Àjọkẹ́, má fòyà àgbada. Gàrí ni mo yan jẹun láyé mi, mo sì ti bá ọmọ mi yan kọfí nígbà tó gbé e wá láti Kàbà. Ọwọ́ tó yan gàrí mọ̀ ọ́n. Àgbada tó nípọn ni kí o lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á jó o mọ́lẹ̀. Má bu púpọ̀ sí i, kó má ju ìpele méjì hóró lọ nísàlẹ̀ àgbada. Má sì dá ọwọ́ dúró, bó ti wù kí ó rí. Tí fóònù bá dún, jẹ́ kó dún.

Ayankọfí Ìkẹjà

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ fi ohun tí ojú, imú àti etí máa bá pàdé kún un, nítorí ẹ̀yà ara mẹ́ta yẹn ni ẹ̀rọ wa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 200, ẹ má lọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbada gbóná kí ẹ tó dà á sí i, kí iná wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ ó rò pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Omi inú rẹ̀ ló ń lọ. Lẹ́yìn náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ọsàn, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti koríko gbígbẹ, ẹ ó sì wá máa gbọ́ òórùn búrẹ́dì. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹ rọra máa fẹ́ ẹ dànù kó má baà gbiná. Ẹ ṣí fèrèsé, èéfín ń bọ̀.

Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí méjìlá, ẹ ó gbọ́ ọ: "pá... pá, pá." Bíi gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò tí wọ́n dé ni. Ìta àkọ́kọ́ nìyẹn. Ooru omi inú hóró ló fọ́ ọ jáde. Láti ibẹ̀, ẹ ti ní kọfí tí ẹnu lè mu, ìyókù ọwọ́ yín ló wà. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ sí i, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ìta kejì á bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ tó ń tẹ ewé gbígbẹ. Nígbà náà òróró á máa sun jáde sára hóró, á dúdú, gbogbo kọfí ayé á sì máa jọra lẹ́nu. Ẹ ò lè mọ Ìyàmoyè yàtọ̀ sí ibòmíràn mọ́. Nítorí náà, èmi máa ń dúró láàrin méjèèjì. Fún Robusta, mo máa ń fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì lẹ́yìn tí ìta àkọ́kọ́ bá ti le dáadáa, kí kíkorò rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀.

Ẹ dà á sórí atẹ kíákíá kí ẹ máa fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú àgbada, ooru irin náà á máa yan án lọ.

Ẹ má mu ún lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ohun èlò tí ẹ kò dé pinpin ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣèyí

Kí n fi ohun tí ọjà fẹ́ kún un. Orúkọ Robusta ń lé ènìyàn. Àwọn tó ń mu kọfí gidi, Arabica ni wọ́n ń béèrè. Ẹ kọ "Arabica ilẹ̀ Nàìjíríà" sí i, tàbí kí ẹ po ìdajì rẹ̀ mọ́ ti Ethiopia, ta ló máa mọ̀? Ẹ ó tètè tà á.

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má gbà á ní àfojúdi, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ra kọfí Ìjùmú, wọ́n á pò ó mọ́ ti ibi mẹ́ta, orúkọ ibòmíràn á sì jáde lára agolo. Ó débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìyàmoyè kò mọ̀ pé kọfí wà nílé wọn. Tí ìyàwó wa bá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irọ́ sí i, ta ni yóò tún sọ òtítọ́ rẹ̀?

Àti pé ojú tí ẹ fi ń wo Robusta ti ń yí padà. Uganda tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni Robusta ti ń hù nínú igbó, Robusta ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun, wọn kò sì fi pamọ́. Ní Brazil, conilon ni wọ́n ń pe tiwọn, láti inú orúkọ odò Kouilou ní Congo ni orúkọ yẹn ti wá, ìpínlẹ̀ Espírito Santo sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Àwọn atọ́wò kọfí tó gba ìwé ẹ̀rí lórí Robusta nìkan wà káàkiri ayé báyìí, máàkì 80 nínú 100 ni kọfí gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kà á sí ti pàtàkì. Ìyẹn ni kí a máa lé.

Ayankọfí Ìkẹjà

Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Ìjùmú. Ẹni tó mọ kọfí á sì mọ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ti rí hóró rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni irọ́ yẹn máa gbé.

Tíṣà Gembu

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọmọ Òṣogbo ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ibi tí a ti máa ń wọ ẹ̀wù òtútù nígbà òjò. Òkè yìí ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, ìdí nìyẹn tí Arabica fi ń hù níbí, tíì náà sì ń hù ní Kakara. CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn yín níbẹ̀, ní ẹ̀ka kan sí Kusuku níhìn-ín nítorí kọfí.

Mo ti mu méjèèjì. Ti Mambilla fẹ́lẹ́, ó ní kíkan díẹ̀ bí ọsàn tó ti pọ́n, òórùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí ènìyàn. Ti Kàbà wúwo lẹ́nu, ó sún mọ́ ẹ̀pà yíyan àti kòkó, adùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lọ́fun. N kò lè sọ pé ọ̀kan ju èkejì lọ, bí mi ò ṣe lè sọ pé àmàlà ju iyán lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ìwọ̀nba ti Mambilla, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí oníbàárà tọ́ méjèèjì wò nínú ife kékeré. Nígbà tí ẹnu bá ti mọ ìyàtọ̀, orúkọ ibi tó ti wá á wá ní ìtumọ̀ sí i.

Bí a ṣe ń tọ́ ọ wò: ẹ lọ gíráàmù 8 tàbí 9 kó má kúnná jù, ẹ dà á sínú ife, ẹ da mílílítà 150 omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìfófò á bo orí rẹ̀. Ẹ gbé imú sún mọ́ ọn, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ti ìfófò náà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èémí tó máa jáde nígbà yẹn ló ń sọ ìtàn kọfí náà jù. Ẹ yọ ìfófò kúrò, ẹ dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá fi ṣíbí fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì.

Bàbá Arẹ̀mú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ wíwọn irè oko ni mo ṣe nígbà èwe mi. Kí ẹ mọ ìdí tí oko bàbá yẹn fi di igbó, kí ẹnikẹ́ni má baà pe àwọn àgbẹ̀ náà ní ọ̀lẹ.

Nígbà náà, ìjọba ló ń ra kọfí. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kòkó ló ń bójú tó kọfí pẹ̀lú láti 1977, wọ́n á kéde iye kan, iye náà ló máa jẹ́ ní Kàbà, òun náà ló máa jẹ́ níbi gbogbo. Ní 1986, ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká. Àwọn oníṣòwò gba ipò wọn. Àwọn kan nínú wọn ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yẹ irè wò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ iye kọfí lágbàáyé já, iye rẹ̀ sì wó lulẹ̀ káàkiri ayé. Àgbẹ̀ tó wà ní Ìyàmoyè kò mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí lókè òkun, owó tó wọ ọwọ́ rẹ̀ ló rí. Ó bojú wo ẹ̀gẹ́, ó bojú wo kaṣú, ó yí padà. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sídìí igi kọfí tó ń tan òdòdó funfun báláú, tí gbogbo oko ń ta sánsán, tí ó ń sọ fún mi pé òun kò ní ká a lọ́dún yẹn nítorí owó alágbàṣe máa ju owó kọfí lọ.

Nítorí náà, ìyàwó, nígbà tí o bá ń ṣírò iye tí wàá tà á, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kọfí inú agolo ń lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti oko. Kílò márùn-ún sí mẹ́fà èso pípọ́n ló ń di kílò kan hóró tútù. Lẹ́yìn náà, yíyan á tún mú nǹkan bíi kílò kan nínú mẹ́fà lọ. San owó hóró yẹn fún àbúrò ọkọ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bùn ni Màmá pè é. Tí kò bá rí owó níbẹ̀, igbó máa padà.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Bàbá, ẹ ṣé é o. Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo ní.

Káfíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, tó wà nínú Robusta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica: nǹkan bíi gíráàmù méjì ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù hóró, nígbà tí ti Arabica wà ní nǹkan bíi gíráàmù kan ó lé díẹ̀. Àwọn aláboyún, níbí ní Bìrìtìkó, a máa ń sọ fún wọn kí gbogbo káfíìnì òòjọ́ wọn má ju mílígíráàmù 200 lọ. Ife kọfí Robusta kan tó lágbára lè ré e kọjá. Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá pé Robusta ni, nítorí àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń lù kìkì, ẹni tí kì í tètè rí oorun sùn, ẹ fún un ní ife kékeré, kó sì jẹ́ òwúrọ̀.

Ará Atakpamé

Ẹ kú o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ifẹ̀ ti Togo ni mí, ìlú Atakpamé. Nígbà tí mo ka orúkọ Ìjùmú, ó dà bíi pé ẹ ń sọ nípa ilé wa. Kọfí àwa náà, Robusta ló pọ̀ jù níbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ wa títí lọ sí Badou àti Kpalimé níbi tí òkè wà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé tí mo dàgbà sí, tí àpò kọfí kún iyàrá, kọfí ẹlẹ́bú la ń rà mu. Mo ti di ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé kí n tó mu èyí tí bàbá mi gbìn.

Bí mo ṣe ń pọn tèmi: mi ò ní ẹ̀rọ. Gíráàmù 60 fún lítà omi kan, kí omi náà hó tán kí n sọ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí n tó dà á. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Aṣọ yẹn, omi nìkan ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Àwọn tó bá fẹ́ mílíìkì alágolo, ẹ fún wọn, Robusta lágbára tó láti gbé e. Ẹ má fi agídí gba ṣúgà lọ́wọ́ oníbàárà.

Lílọ̀ nìkan ló le. Odó tí a fi ń gún ata kò dáa, òórùn ata kì í lọ. Ẹ ya odó kan sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ ìlọ̀ kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí.

Ayankọfí Ìkẹjà

Kí n yára dáhùn ti títà. Títà nínú ife nísọ̀ yín, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dì í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ, tí ẹ sì ń gbé e fún àwọn ìsọ̀ míràn, ẹ máa nílò nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì wọn fúnra yín, ẹ má gba ẹnu alágbàwí. Lára ọ̀rá, ẹ kọ: Ìyàmoyè, Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, Robusta, oṣù àti ọdún tí wọ́n ká a, bí wọ́n ṣe gbẹ ẹ, ọjọ́ tí ẹ yan án. Ọjọ́ yíyan ṣe pàtàkì gan-an. Tí àpò ọdún tó ń bọ̀ bá dé, ẹ má pò ó mọ́ ti ọdún yìí.

Àjọkẹ́ Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dákẹ́ nítorí mo ń ṣe ohun tí ẹ sọ.

Èmi àti ọmọbìnrin mi jókòó fún alẹ́ mẹ́ta, a ṣa gbogbo rẹ̀. Kílò kan àti gíráàmù 300 la yọ kúrò. Ó dùn mí láti dà á nù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó àwọn tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a yọ, mo rí ohun tí ẹ ń wí.

Àgbada àkọ́kọ́ jóná. Iná pọ̀ jù, mo gbọ́ ìta kejì kí n tó mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ti parí. Ìkejì, mo dín iná kù, ìta àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejìlá, mo dà á jáde ní ìkẹrìnlá. Gíráàmù 200 tí mo dà sí i di 168. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo fi pamọ́ fún ọjọ́ márùn-ún.

Lánàá, Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ wa, mo pọn ọ́n bí Ará Atakpamé ṣe sọ, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mo bu ti Màmá sínú ife, wọ́n sì béèrè ibi tí mílíìkì wà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà á sẹ́nu, wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún fà á. Ẹni tó ti ká kọfí, tó ti gbé e lórí, tó ti fi atẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò mu tirẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n na ife náà sí mi kí n bu sí i.

Àwọn oníbàárà mi mẹ́fà tọ́ ọ wò láàárọ̀ yìí. Mẹ́rin fi ṣúgà sí i, wọ́n sì mu ún tán. Bàbá tíṣà kan tó ń mu ti agolo lójoojúmọ́ ní kí n bá òun di díẹ̀ lọ sílé. Ẹnìkan ní ó korò jù, n kò jà á níyàn. Mo ti kọ Robusta sí i, Nọ́ọ̀sì, mo sì kọ̀ láti fún aláboyún kan ju ife kékeré lọ.

Owó hóró náà ti wọ àkáǹtì àbúrò ọkọ mi. Ó pè mí, ó ní kí n bá òun bi yín: àwọn igi bàbá wọn ti gbó, wọ́n ga ju ọwọ́ lọ, orí òkè nìkan ni wọ́n ti ń so. Ṣé kí òun hú wọn kí òun gbin tuntun?

Bàbá Arẹ̀mú

Kó má hú igi kankan. Gbòǹgbò yẹn ti mọ ilẹ̀ náà. Tó bá ti kórè tán, tí òjò sì ti ń múra àtirọ̀, kó gé ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin àwọn igi náà lọ́dún yìí, kí ìdá mẹ́ta yòókù máa so fún un títí àwọn tí ó gé yóò fi padà bọ̀ sípò, ìyẹn bí ọdún méjì. Kó gé e kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀. Èhù púpọ̀ á yọ jáde, kó yan mẹ́ta tó le jù, kó ké ìyókù kúrò. Tó bá sì fẹ́ fi tuntun dí àlàfo, kó má mú gbogbo irúgbìn rẹ̀ lára igi kan ṣoṣo, Robusta kì í dá gbà fún ara rẹ̀, àtíkè òdòdó igi míràn ló ń mú kó so. Kó lọ bi wọ́n ní CRIN ní Ìdí-Ayùnrẹ́.

Kó rí i pé gígé náà dagun, kí omi òjò má baà dúró lórí kùkùté.